Irin Abẹ́ Omi Kì Í Sọ Pé Ó Ti Rẹ Òun

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni. Mò ń gún gbẹ̀rẹ̀fútù lẹ́yìn ilé wa ní erékùṣù Tonoas nígbà tí Kiomasi ọkọ mi gòkè láti etíkun, ọ̀pá irin léjìká, àpò ìṣáwùrú òkun lọ́wọ́.

Senolyn, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Erékùṣù Weno ló ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú àwọn tó ń wọn irin ara àwọn ọkọ̀ tó rì sínú omi wa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí ìṣáwùrú tó sanra báyìí?"

"Níbo ló tún kù? Ara ọkọ̀ ogun tó rì nítòsí wa náà ni. Ọ̀pá yìí ni mo fi ń ṣí wọn kúrò lára irin. Jẹun, jàre."

Senolyn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má họ ọkọ̀ yẹn mọ́. Epo ṣì wà nínú ẹ̀."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Rufina, gbọ́ ọmọ yìí! Ọkọ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi! Òyìnbó kan wá wọ̀n ọ́n, ó tún padà wá lọ́dún kejì, ó ní òkun ò jẹ nǹkan kan gidi níbẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ-ọmọ wa á bá a bẹ́ẹ̀."

"Ọdún kan péré ló fi ṣírò ọgọ́rùn-ún ọdún?"

"Kí ló burú ńbẹ̀?"

"Bàbá, ká ní bẹ́ ẹ ṣe ga sí i nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọdún kan lẹ ṣe ń ga sí i lọ́dọọdún, ẹ ò bá ti ga ju igi àgbọn lọ. Ká sì ní ìgbà tẹ́ ẹ pé ogójì ọdún ni wọ́n wá wọ̀n yín, wọ́n á ní ẹ ò dàgbà rí."

Èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Senolyn ò rẹ́rìn-ín.

"Tí irin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òkun, omi iyọ̀ máa ń jẹ ẹ́ kíákíá. Tó bá yá, ìpẹtà àti ìkarawun á bò ó, bí èépá ṣe ń bo egbò, jíjẹ náà á wá falẹ̀. Àsìkò yẹn ni òyìnbó yín dé. Àmọ́ tó bá pẹ́ gan-an, àwọn kòkòrò tójú ò rí, tí ò nílò afẹ́fẹ́, á ráyè lábẹ́ ìpẹtà yẹn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin náà. Lókè, ẹ ó rò pé ó le. Nísàlẹ̀, ó ti ń tán. Ibi tẹ́ ẹ bá sì ti họ, ẹ ti ṣí èépá kúrò lójú egbò nìyẹn. Òkun á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

"Ó dáa, ìyá àgbà," ni ọkọ mi wí. "Lọ́la màá lọ fi báńdéèjì dì í."

Senolyn padà sí Weno. Irọ́ ni màá pa tí mo bá ní mo kìlọ̀ fún ọkọ mi. Ìṣáwùrú yẹn dùn, èmi náà sì ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí omi fà sẹ́yìn, Kiomasi tún lọ. Kò pẹ́ tó fi padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ara rẹ̀ ń rùn bí ẹńjìnnì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọ̀pá náà wọlé sínú ara ọkọ̀," ó ní. "Mi ò tiẹ̀ lù ú kíkankíkan. Ó kàn wọlé ni. Nǹkan dúdú wá ń tú jáde."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ta ló rí ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Dákẹ́ síbẹ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ ti gbó, òun ló bẹ́ fúnra ẹ̀."

Ó dìde dúró. "Rufina, àwọn ará ilé Resauo aládùúgbò wa máa da àwọ̀n síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ṣé kí n dákẹ́ kí wọ́n jẹ ẹja elépo?"

Ojú tì mí. Ó gba fóònù mi, ó pe Senolyn, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń dúró kó bú u.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè, Bàbá," ló sọ. "Ẹ sọ fún gbogbo abúlé pé kí wọ́n má pẹja níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dáná létí omi, kí wọ́n má fọwọ́ kan epo náà. Ẹ má padà lọ dí i fúnra yín. À ń bọ̀."

Kílẹ̀ tó ṣú, Senolyn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ohun gbọọrọ kan tó ń léfòó ká epo náà mọ́. Àwọn òmùwẹ̀ dí ojú ihò náà, nígbà tó yá wọ́n fa epo tó kù síta. Wọ́n wọn ọkọ̀ náà. Ibi tí ọkọ mi ti ń họ láti ọdún pípẹ́ wá ti fẹ́lẹ́ bí ewé. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ṣì nípọn bí ìka.

Igi etí omi kan kú, akàn ibẹ̀ sì kú pẹ̀lú. Oṣù méjì gbáko la fi jẹ ìrẹsì àti ẹja inú agolo. Lọ́jọ́ ìsinmi, Kiomasi dìde nínú ìjọ, ó tọrọ àforíjì. Resauo ló kọ́kọ́ lọ dì mọ́ ọn. Ó ní, "Ìwọ lo gba ilé mi là."

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ ń gbé nítòsí irin tó wà nínú òkun, ì báà jẹ́ ọkọ̀ tó rì, ì báà jẹ́ òpó èbúté, ẹ má sọ pé nítorí ó ti pẹ́, ó máa pẹ́ sí i. Ẹ má họ ọ́, ẹ má so ọkọ̀ mọ́ ọn, ẹ má ju ìdákọ̀ró lé e. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n wá wọ̀n ọ́n, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í ṣe lójú kan. Tẹ́ ẹ bá rí epo tó ń dán lójú omi, ẹ pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó òkun lójú ẹsẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ ọwọ́ yín ló fà á, bó ṣe jẹ́ ọwọ́ ọkọ mi, ẹ ṣáà pè. Epo kì í dúró de ẹni tójú ń tì.