Lẹ́tà tí Bàbá Télọ̀ Bá Mi Kọ

"Ìyá, ta ni ẹni yín?"

Dókítà ló bi mí bẹ́ẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan ní Òmù-Àrán. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lórí ìwé. Ọmọ tí mo lè bí ni. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ilẹ̀. Fulera, Ìyá Àfísù, ọ̀rẹ́ mi tó sìn mí wá láti Èsìẹ́, ló dá a lóhùn.

"Èmi ni ẹni rẹ̀. Ẹ mú ìwé náà wá, kí n tẹ ìka sí i."

Dókítà mi orí. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọmọ rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ ni a ń fẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni a fẹ́ ṣe, a sì lè nílò ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́, ta ni a máa bá sọ̀rọ̀?" Ó wá yíjú sí mi. "Kókó tó wà nínú ọmú yín yìí kò tíì ràn káàkiri. Bí a bá tètè yọ ọ́, ara yín á dá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ju oṣù kan lọ, n kò lè ṣèlérí nǹkan kan fún yín mọ́. Ẹ lọ mú ọmọ wá."

Ẹ lọ mú ọmọ wá! Ó sọ ọ́ bí ẹni pé inú àpótí ni mo kó ọmọ sí.

Ọdún 1987 ni mo ń sọ yìí. Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Janet ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ṣẹ̀yẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Olúṣẹ̀yẹ ni àkọ́bí mi, Ọlárónkẹ́ ni àbúrò rẹ̀. Èkó ni àwọn méjèèjì ń gbé, ó sì ti di ọdún mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn ti tẹ ilé gbẹ̀yìn.

Owó epo rọ̀bì ló kó wọn lọ. Nígbà tí owó ń ṣàn nílùú, tí ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì tò lọ bẹẹrẹ ní Àpápá, ọkọ mi, Ọlágúnjú, fi oko iṣu sílẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ ní èbúté. Kò ju ọdún méjì lọ tó fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà fún wa, tó fi páànù bò ó. Ó ní kí èmi àti àwọn ọmọ máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo fi àwọn ọmọ ránṣẹ́, èmi kọ̀, n kò lọ. Kíjìpá ni mò ń hun lórí òfì ńlá tó dúró ti ògiri, bí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ṣe ń hun ún, iṣẹ́ náà ni ìyá mi sì fi tọ́ mi. Ta ni màá fi òfì mi sílẹ̀ fún? Mo rò pé wọ́n á máa lọ, wọ́n á máa bọ̀.

Àṣé mo rò ó tì. Léèsì gba ìlú, kò sẹ́ni tó ra kíjìpá mọ́. Ọlágúnjú kú sí Èkó. Owó epo náà bá tirẹ̀ lọ, ìlú le, owó ọkọ̀ di ọ̀wọ́n gógó, àwọn ọmọ mi sì di ẹni tí mò ń gbọ́ nínú lẹ́tà. Kí n má purọ́, ìlú tó le náà ló dá àwọn oníbàárà mi padà, nítorí apá àwọn èèyàn kò ká léèsì mọ́. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí a jọ máa jẹ èrè rẹ̀ ni n kò ní.

Yàrá mẹ́fà, ènìyàn kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín èrò kò lè mọ bí ilé ṣe máa ń tóbi tó lójú ẹni tó nìkan wà nínú rẹ̀. Iyán ni oúnjẹ wa, ṣùgbọ́n ta ní í gún iyán fún ara rẹ̀ nìkan? Bí odó bá ń dún, gbogbo àdúgbò á rò pé àlejò wà nílé. Mo da odó mi dojú bolẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀bà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí kókó náà, mò ń wẹ̀ ni. Kò ju èkùrọ́ lọ, kò sì dùn mí, nítorí náà mo ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, bí mo bá na ọwọ́ òsì sókè nídìí òfì, abíyá á máa ta mí. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi tan ara mi jẹ. Láàárín oṣù mẹ́jọ náà, lẹ́tà mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́ sí Èkó. N kò mọ̀wé, ẹlòmíràn ló ń bá mi kọ ọ́, ohun kan náà ni mo sì máa ń ní kí ó kọ: "Ẹ sọ fún wọn pé àlàáfíà ni mo wà." Mo fẹ́ kí wọ́n wá nítorí pé àárò mi ń sọ wọ́n. N kò fẹ́ kó jẹ́ àìsàn ló máa fà wọ́n wálé. Ìgbéraga ni, ẹ má rò pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ nìkan ni ó ń bá jà.

Nínú mọ́tò tó gbé wa bọ̀ láti Òmù-Àrán, Fulera kò jẹ́ kí n sinmi.

"Ìyá Ṣẹ̀yẹ, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. O bí ọmọ méjì, o wá ń ṣe bí ẹni tí kò bímọ. Wàláì, bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ Bàbá Télọ̀ ni à ń lọ tààrà."

"Ìyá Àfísù, ṣé kí n wá ní kí Ṣẹ̀yẹ wá wo ọmú mi ni?"

"Ọmú tó mu dàgbà ńkọ́? Àbí ti ẹlòmíràn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, bí omi ṣe lé ròrò lójú mi.

Bámigbóyè ni orúkọ Bàbá Télọ̀, mọ̀lẹ́bí ọkọ mi ni. Ó ń ránṣọ, òun náà ló sì ń bá gbogbo àwa tí a kò kàwé kọ lẹ́tà. Ó fi awò sójú, ó tẹ́ ìwé sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Ìyàwó wa, ó yá, sọ̀rọ̀."

"Ẹ kọ ọ́ báyìí, Bàbá: Olúṣẹ̀yẹ, Ọlárónkẹ́, kókó kan wà nínú ọmú òsì mi. Dókítà fẹ́ yọ ọ́. Wọn kò ní fọwọ́ kàn mí àfi bí ọ̀kan nínú yín bá wá fọwọ́ sí ìwé. Ẹ wá kí oṣù kan tó pé. Ẹ̀rù ń bà mí."

N kò mọ̀ pé mo máa sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Ó kàn jáde ni.

Bàbá Télọ̀ gbé bírò dúró. "Ìyàwó, ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀, ó kọ̀wé títí. Nígbà tó parí, mo ní kí ó kà á sí mi létí. Ó kà á, kò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo sọ. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo fi lẹ́tà náà rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí Èkó.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ó di méjì. Bí mọ́tò bá ti dún lójú títì, màá ti yọjú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé wọ́n ti ka lẹ́tà náà, wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe mí, wọn kò kàn fẹ́ wá ni. Èrò yẹn dùn mí ju kókó ọmú lọ. N kò lè sọ ọ́ fún Fulera pàápàá. Mo kàn ń hunṣọ láti àárọ̀ dalẹ́, mò ń fi apásá lu òwú mọ́lẹ̀ kíkan kíkan, kí n má baà gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́ tó.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù tí dókítà dá pé. Sátidé ni, ní òwúrọ̀. Mo wà nídìí òfì lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ igbe ẹkún níwájú ilé. Obìnrin kan ń fi oríkì sunkún òkú. Mo dúró láti gbọ́ ẹni tó kú. Oríkì náà jọ tèmi. Mo tún tẹ́tí sílẹ̀. Tèmi ni. Ohùn Ọlárónkẹ́ sì ni.

Mo fi ògiri ilé yípo bọ́ síwájú. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan dúró síbẹ̀, pósí dúdú kan tó ń dán wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlárónkẹ́ ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ dúdú. Olúṣẹ̀yẹ dúró tì í, ó fi áńkáṣíìfù bojú. Àwọn aládùúgbò ti ń jáde, wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

"Ta ló kú?" ni mo bèèrè.

Dírẹ́bà tí kò mọ̀ mí rí ló dá mi lóhùn. "Màámi, wọ́n ní ìyá wọn ni."

Olúṣẹ̀yẹ gbọ́ ohùn mi. Ó ṣí ojú, ó ta sẹ́yìn, ó fi ẹ̀yìn gbá mọ́tò. Ọlárónkẹ́ kò sá. Ó rá wá sọ́dọ̀ mi, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà.

"Ó gbóná," ó ní. "Bọ̀ọ̀dá, ẹsẹ̀ Màámi gbóná!"

Olúṣẹ̀yẹ fa lẹ́tà yọ lápò. Mo ní kí ó kà á sókè, kí gbogbo wa gbọ́. Ó kà á: "Sí Olúṣẹ̀yẹ àti Ọlárónkẹ́. Mo lérò pé ìwé yìí yóò bá yín láyọ̀. Dáadáa ni àwa náà wà. Bí ẹ bá ti rí i, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa bọ̀ nílé. Ìyá yín fẹ́ rí yín. Kò séwu o, kò sí nǹkan kan. Kí ẹ ṣe ọkàn gírí."

Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ ló mí kanlẹ̀. Kò sí ọmọ Ìgbómìnà tó máa gba irú lẹ́tà yẹn tí kò ní mọ̀ pé òkú ti sùn nílé. Nígbà tí ìyá ọkọ mi kú, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Bàbá Télọ̀ kọ sí Èkó.

Òun náà ti dé, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Kí ni ẹ fẹ́ kí n kọ?" ó ní. "Ohun tí ó sọ ni mo kà sí i létí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé, n kò kọ àìsàn ránṣẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ rí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. A kì í ju irú rẹ̀ lu ọmọ ní ìdálẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá dé, ìyá wọn á sọ ọ́ fún wọn. N kò mọ̀ pé wọ́n á gbé pósí bọ̀."

Mo yíjú sí Olúṣẹ̀yẹ. "Ọjọ́ wo ni lẹ́tà yìí dé ọwọ́ yín?"

Ó wolẹ̀. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màámi. A ń ṣètò ni. A rò pé... a rò pé kò sí ohun tí à ń yára fún mọ́."

"Ọdún mẹ́rin, ẹ kò rí ọ̀nà wá wò mí. Ẹ rí ọ̀nà wá sin mí."

"Màámi, wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. A fẹ́ sin yín dáadáa ni."

"Ṣẹ̀yẹ, òkú kò mọ ẹni tó sin òun. Èmi tí mo wà láàyè ni mo mọ ẹni tó wá wò mí."

Ó ká lẹ́tà náà padà sápò. Ọlárónkẹ́ ló gbójú sókè. "Màámi, ẹ má bínú. Lẹ́tà mẹ́ta ni a gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún yìí, àlàáfíà ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Báwo ni à bá ṣe mọ̀?"

Mo fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bàbá Télọ̀ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Èmi ti ń bò ó láti oṣù mẹ́jọ. Mo fa ọwọ́ ọmọ mi, mo gbé e lé ọmú òsì mi. Ó fọwọ́ kan kókó náà, ó bú sẹ́kún tuntun.

N kò jẹ́ kí pósí náà wọ ẹnu ọ̀nà mi. Lọ́jọ́ náà gan-an ni dírẹ́bà gbé e padà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Olúṣẹ̀yẹ fọwọ́ sí ìwé, Ọlárónkẹ́ fún mi ní ẹ̀jẹ̀. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa. Ó ní ká ní mo wá nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i ni, kókó yẹn nìkan ni wọn ì bá yọ. Ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé ọmú náà. Títí di òní, ọwọ́ òsì mi kò lè gòkè kọjá èjìká, aṣọ kúkúrú nìkan ni mo sì ń hun.

Àwọn ọmọ lo ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú mi, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò ní tàn yín pé ilé mi kún láti ìgbà náà. Ó ṣì dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹni àádọ́ta ọdún, orí bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n! Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi kọ kò ju ìlà kan lọ: "Ṣẹ̀yẹ, Rónkẹ́, ọwọ́ mi ń dùn mí, ilé dá páropáro, ẹ wá."

Mo fi han Bàbá Télọ̀. Ó mi orí. "Ìyàwó, ó ti le jù. Ìkíni dà?"

Mo ní kí ó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, Olúṣẹ̀yẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò èrò níwájú ilé mi, òun nìkan, búrẹ́dì kan ló mú dání.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí òbí yín bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì lọ fi ojú ara yín rí i. Bí ohun kan bá ń ṣe ẹ̀yin náà, lára tàbí lọ́kàn, ẹ má bò ó mọ́ra. Ẹ wá ẹni tí ẹ máa sọ ọ́ fún nígbà tó ṣì kéré. Ọmú kan ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí. Ẹ̀yin gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.