Ọ̀bẹ Tí Kò Fẹ́ Kú

Ẹ̀jẹ̀ ìmàdò ni Chigusa kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà kó tó rí ojú rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé arọ, yìnyín ń yọ́ lórí fìlà rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na ọ̀bẹ ìgbẹ́ kan síwájú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ńkọ́?"

"Òun lẹ ń wò yìí."

Ojú ti ọdẹ náà, torí kò rò pé obìnrin ni ọ̀gá alágbẹ̀dẹ. Ikuma ni wọ́n ń pè é. Chigusa yára dojú kọ ẹwìrì rẹ̀, torí ọkùnrin náà wù ú.

Ọ̀bẹ tó mú wá ti sán, ló bá rọ tuntun fún un. Ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ nípọn díẹ̀, irú èyí tí ọdẹ òkè Tosa lágbègbè wọn lè fi la ìgbẹ́ ọparun, kó fi kun ẹran, kó má sì tètè kú. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí Ikuma fi gbé e padà.

"Ọ̀gá, kò mú mọ́."

"Ṣé òkúta lẹ ń fi í gé ni?"

"Awọ ìmàdò ọ̀dọ̀ wa ló le."

Ó tún wá, ó tún wá. Chigusa ti ń se ọ̀dùnkún dè é. Ṣùgbọ́n Genpachi, bàbá rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n tí kò lè rọ irin mọ́, kò rẹ́rìn-ín sí i.

"Ará ìsàlẹ̀ odò ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ sì ti ń wá omi wa tipẹ́. La ojú rẹ o, ọmọ mi."

Omi tí wọ́n ń ri irin pípọ́n bọ̀ ló ń sọ. Bó bá tutù jù, ẹnu ọ̀bẹ á máa sán. Bó bá gbóná jù, kò ní mú rárá. Bó ṣe yẹ kó gbóná tó, àwọn ará ilé nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àṣírí yìí ló ń bọ́ wọn.

Chigusa bá gbé ọ̀bẹ Ikuma sójú ìmọ́lẹ̀. Háà. Eegun a máa ṣá ẹnu ọ̀bẹ níbí lóhùn-ún ni. Èyí tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo ojú ibi tó ha kọrí síbì kan. Ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ fi òkúta pa á. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidi. Olè ni mo lọ fẹ́ràn, ló ń wí fún ara rẹ̀.

Nígbà tí Ikuma dé, ó bá Chigusa tó mú ọmọ owú lọ́wọ́.

"Ta ló rán yín wá wo omi wa?"

"Omi kẹ̀?" Etí Ikuma pọ́n. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí ọ̀bẹ yìí lágbára jù. Mo fi la ìgbẹ́, mo fi kun ìmàdò, kò kú. Bí kò bá kú, kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbí? Mo bá lọ ha á lókùúta. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí yín ni."

"O ò lẹ́nu ni?" Genpachi bi í láti igun ilé.

"Ẹ̀rù ló bà mí, bàbá."

"Ìwọ tí o ò bẹ̀rù ìmàdò?"

"Ìmàdò kì í mú ọmọ owú lọ́wọ́."

Chigusa fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó mú un mọ́ra. Ta ni kò mọ̀ pé olè náà a máa lẹ́nu dídùn? Ó padà sídìí iná, ó ń fẹ́ ẹwìrì, ó ń fojú ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ ọkùnrin náà. Irin pọ́n. Ó na ọwọ́ sí ìkòkò omi.

Ikuma dìde. "Ẹ jẹ́ n bọ́ síta." Ó fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀, láìsí ẹni tó lé e.

Genpachi yọjú níhò ògiri. "Ó kẹ̀yìn sí wa. Òkè ló ń wò, nínú otútù yẹn."

Omijé bọ́ lójú Chigusa. Nígbà tó parí irin ọwọ́ rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ Ikuma, ó pọ́n ọn títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́lẹ́, ó sì gbé e jáde fún un.

"Á máa gé dáadáa báyìí. Ṣùgbọ́n kíá ni á máa kú."

"Ọ̀gá, inú ìgbẹ́ ni mo ń lò ó."

"Mo mọ̀. Ẹni tó bá ní irú ọ̀bẹ báyìí, kò gbọdọ̀ gbé jìnnà sẹ́ni tó ń bá a pọ́n ọn."

Ikuma wò ó títí ọ̀rọ̀ náà fi yé e.

"Ẹ wọlé o," Genpachi ké láti inú. "Irin kejì ti pọ́n, omi ń dúró."

Chigusa di Ikuma lọ́wọ́ mú wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.