Dẹ́ẹ̀kì Tí Kò Ní Ìgbátí

"Kà á sókè dáadáa. Ojú mi ni kò ríran mọ́, etí mi ò di," Ìyá Àgbà wí.

Kúnbi pòṣé sínú. Ojoojúmọ́ tó bá ti ilé ìwé dé ló ń ka orí Bíbélì kan fún ìyá bàbá rẹ̀ yìí, láti ìgbà tí àrùn ojú ti ba ojú màmá jẹ́. Ìwé Diutarónómì ni wọ́n wà lọ́sẹ̀ náà, ó sì ti sú Kúnbi pátápátá. Màlúù ẹni tó sọ nù, ìtẹ́ ẹyẹ, irú aṣọ tí èèyàn kò gbọdọ̀ wọ̀! Kí ló kan ọmọ Ìkòṣì nínú ìyẹn?

Ó wá kan ibi tí Ọlọ́run ti sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ ṣe ìgbátí, ìyẹn ògiri kékeré, yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ níbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn ilé náà.

Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dúró níbẹ̀ ná. Kí ló wà létí dẹ́ẹ̀kì bàbá ẹ?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Mà. Irin ló kàn nà sókè."

Lóòótọ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Ọláìyá, bàbá Kúnbi, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ilẹ̀ ìdílé wọn ni. Kò kan páànù sí i, dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn kọnkéré pẹrẹsẹ, ló dà sórí rẹ̀, torí ó fẹ́ gbé àjà mìíràn lé e bí ọwọ́ rẹ̀ bá tún dẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ògiri tí yóò yí orí rẹ̀ ká, á ní, "Ta ló ń mọ ògiri tó tún máa wó?" Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà! Àwọn ayálégbé ti kó wọlé. Orí dẹ́ẹ̀kì yẹn ni wọ́n ń sá aṣọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń gba atẹ́gùn sí bí NEPA bá múná lọ, ibẹ̀ sì làwọn ọmọdé ń ṣeré.

"Wọ́n ń ya ilé yìí sí mímọ́ lọ́jọ́ Sátidé," Ìyá Àgbà wí, "ìwọ ni wọ́n sì ní kó o ka Bíbélì. Ibí yìí ni kó o kà. Bí mo bá dá a sọ, bàbá ẹ á ní mo ti darúgbó. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ ọ lójú àlejò, ojú á tì í, á mọ ògiri."

"Ìyá Àgbà, Májẹ̀mú Láéláé mà nìyẹn! Pásítọ̀ wa ní ó ti kógbá sílé."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣé àwọn tó ń já bọ́ láti orí ilé náà ti kógbá sílé ni?"

Ẹ̀rín pa Kúnbi. Ó ní, "Mo máa kà á, Mà." Ó tiẹ̀ fi bébà há ojú ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ o. Ní ìjọ tí bàbá rẹ̀ kó wọn lọ, Pásítọ̀ Charles máa ń wí pé òfin ti lọ, oore-ọ̀fẹ́ ti dé, kí wọ́n má fi ìwé àwọn Júù dààmú ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ gba èyí, wọ́n sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Nígbà kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bámi ka ibi kan nínú Léfítíkù pé kí èèyàn má jẹ́ kí owó alágbàṣe sùn mọ́ òun lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Màmá Òfin, orúkọ náà sì bá a dé ilé ìwé. Ta ló kọ́kọ́ pariwo rẹ̀? Kúnbi kan náà ni.

Nígbà tó wá di Sátidé, tó dìde níwájú àwọn àlejò nínú ọgbà, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Tiwa, ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn níwájú. Ó ṣí ibi tí bébà wà. Tiwa rí i pé apá ìwájú Bíbélì ló ṣí, ó fi ìgúnpá gún ẹni tó jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ti ń ṣe bíi ti ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kíá ni Kúnbi ti ṣí i lọ sí Éfésù, ó ka ti oore-ọ̀fẹ́. Àmín tí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ilé. Ìyá Àgbà nìkan ni kò ṣe é.

"Ibi tá a jọ sọ kọ́ lo kà," ó wí lẹ́yìn náà.

"Mo gbàgbé ni, Mà." Irọ́ gbuu!

"Ó dáa. Lọ sọ ọ́ fún bàbá ẹ ní yàrá."

"Mo máa sọ ọ́, Mà."

Kò sọ ọ́. Ìdánwò dé, ó fi ìdánwò ṣe àwáwí. Ìdánwò parí, ó ní bàbá òun kò ráyè.

Àwọn tó ń gbé lókè ni Kàdíjátù, obìnrin tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Rẹ̀mílẹ́kún. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjìlá. Kúnbi ló máa ń di irun fún un, tí yóò sì máa bá a jà pé kó jókòó jẹ́ẹ́, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ilẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù keje, òjò ṣú, atẹ́gùn sì ń fẹ́ gidi. Kúnbi wà nídìí kànga nígbà tí Kàdíjátù kígbe láti inú ilé pé, "Rẹ̀mí, sáré kó aṣọ!"

Kúnbi gbójú sókè. Ó rí i tí ọmọ náà ń fa aṣọ ìbùsùn tí atẹ́gùn fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fẹ̀yìn rìn, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Kúnbi la ẹnu láti pè é. Kí ohùn rẹ̀ tó jáde, aṣọ náà já, Rẹ̀mílẹ́kún sì tàkìtì wá sílẹ̀. Gbì!

Kò kú. Ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, àwọn dókítà sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò ní fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́.

Pásítọ̀ Charles wá bá wọn kẹ́dùn ní pálọ̀. Ó ní ọfà ọ̀tá ni, inú àwọn kan ni kò dùn sí ilé tuntun náà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláìyá ń mi orí. Inú bí Ìyá Àgbà, ó fọwọ́ tá ògiri títí ó fi dé àárín wọn.

"Ọ̀tá wo? Kúnbi, mú Bíbélì wá. Kà á fún wọn."

Kúnbi kà á. Omijé ń bọ́ sórí ìwé. Títí tó fi parí, wọn kò mọ̀ pé Kàdíjátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun tó wá mú aṣọ tí yóò kó lọ sílé ìwòsàn.

"Ìwé ta nìyẹn?" ó béèrè.

"Ìwé wa ni, Mà," Kúnbi dáhùn.

"Ìgbà wo lẹ rí i níbẹ̀?"

Bàbá Kúnbi ń wò ó. Pásítọ̀ ń wo ilẹ̀. "Kí wọ́n tó ya ilé sí mímọ́ ni, Mà. Ìyá Àgbà ní kí n kà á. Mo bẹ̀rù pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òfin tó ti gbó ni mò ń kà."

Kàdíjátù kò pariwo. Ìbá sàn ká ní ó pariwo. "Ó wà nínú ìwé yín," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó wà níbẹ̀, ẹ ní ó ti gbó. Rẹ̀mí ń bi mí pé ìgbà wo lòun máa dìde. Kí ni kí n sọ fún un?"

Nígbà tó tún máa di ọ̀sẹ̀ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ọláìyá ti mọ ògiri yí dẹ́ẹ̀kì náà ká, ó ga dé àyà, ó sì nípọn. Kàdíjátù kò dúró wò ó. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ifákọ̀, níbi tí kò ti sí àtẹ̀gùn tí wọn yóò máa gbé e gùn.

Ẹ̀yin ọmọ, Ọlọ́run tó fúnni ní oore-ọ̀fẹ́ náà ló ní kí a mọ ògiri. Ohun tó sọ láti fi dá ẹ̀mí ọmọlàkejì wa sí kò gbó, ì báà ṣe apá ìwájú Bíbélì ló wà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sì fi pamọ́ nítorí ẹ̀rín ẹgbẹ́, kí ó rántí pé Tiwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbàgbé ọjọ́ yẹn. Rẹ̀mílẹ́kún kò lè gbàgbé.