Ẹni tó Wà Nísàlẹ̀ Ayùn

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹni tó wà nínú kòtò fi bá mi fa ayùn, kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Agégi yóò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, nítorí ẹnì kan máa ń dúró lókè lórí ìtì igi, èkejì nínú kòtò nísàlẹ̀, orí ẹni ìsàlẹ̀ sì ni gbogbo ìyẹ̀fun igi ń dà sí.

Nínú igbó Ìyàrá ni, lọ́dún 1956. Ọ̀gá igbó ìjọba sọ pé bí ogún pákó ilé-ẹ̀kọ́ kò bá pé lọ́jọ́ Ẹtì, òun yóò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wa, òun yóò sì gbé e fún àwọn kan tó ń fi ẹ̀rọ la pákó. Ilé méjìlá ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ Ajé náà gan-an ni ibà dá Ọlánípẹ̀kun, ẹnìkejì mi nídìí ayùn, dùbúlẹ̀.

Láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, mo bá ọkùnrin kan nínú kòtò, ó ti faṣọ wé orí àti ojú bí ẹni ìsàlẹ̀ ti máa ń ṣe.

"Okun o!" mo kí i. "Ṣé àwọn ará Ògìdì ló rán ọ wá?"

Kò fèsì, ó kàn fa ayùn. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ kò ní bá mi jiyàn. Ẹni òkè kì í gbójú kúrò lára ìlà tí a fà sórí igi, kí pákó má baà wọ́. Mo ń kọrin, ayùn ń lọ geerege. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ láti jẹun, kòtò á ti ṣófo. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni àwọn tó kù nínú wa ń wá ru pákó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá igbó wọn pákó, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí ìwé wa. A jó! Inú mi dùn dẹ́yìn, mo sáré lọ sílé Ọlánípẹ̀kun.

Rebecca, ìyàwó rẹ̀, dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ rọra o," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò tíì dìde lórí ẹní láti Ọjọ́ Ajé. Àmọ́ bó ṣe ń sùn ni apá rẹ̀ ń fà, tó ń tì. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀."

Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti bó.

Ọlánípẹ̀kun lajú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Jethro ọ̀lẹ! O tòògbé lórí igi láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ṣé o rò pé n kò rí ọ ni?"

Mo tòògbé lóòótọ́. Kò sì sẹ́ni nínú igbó láàárọ̀ ọjọ́ náà àfi èmi àti ẹni ìsàlẹ̀.