Àwọn Tó Ń Gba Pálọ̀ Mi Kọjá

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ wá jókòó sí pálọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kó má sọ̀rọ̀. Kó pa fóònù rẹ̀. Tó bá dìde níbẹ̀, tó ṣì ní irọ́ ni mò ń pa, mo gbà. Èmi kì í ṣe ojo. Aránṣọ ni mí, ẹnu mi sì mú ju àlùmọ́gàjí mi lọ, ẹ bi àwọn oníbàárà mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòró.

Ilé onílé ni èmi àti ìyá mi fi ayé wa gbé. Onílé kan lé wa torí ariwo máṣíìnì. Òmíràn ní ọmọ òun ń gbé ìyàwó bọ̀, ká tètè wábi gbà. Ìyá mi á ká ẹní rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Ìgbà tá a kó kẹ́yìn ló wá bi mí pé, "Ṣé a ò ní níbi tá a máa jókòó sí títí ọlọ́jọ́ á fi dé ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo búra pé ilé tí mo bá tún kó o lọ, kò sí ọmọ ìyá ẹni tó máa lé e jáde níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ilé tí mo fẹ́ rà, mi ò ki orí bọ̀ ọ́. Mo gba lọ́yà. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Ó lọ yẹ ìwé ilé náà wò lọ́dọ̀ ìjọba. Ó rí i pé orúkọ ẹni tó ń tà á ló wà lórí rẹ̀, pé kò fi ilé náà dógò, pé kò sì sí ẹjọ́ lórí ilẹ̀. Ó ní ó ku ohun kan tí ìwé kì í sọ.

"Mọ́mì, ẹ lọ fi ẹsẹ̀ yín tẹ ilẹ̀ náà. Ẹ béèrè ẹni tó ń gba orí rẹ̀ kọjá. Tí èèyàn bá ti ń gba ọ̀nà kan tipẹ́, ó lè ti ní ẹ̀tọ́ sí i. Ilẹ̀ ni ẹ̀tọ́ yẹn ń bá lọ, kì í bá onílé lọ. Wọn ì báà ta ilé náà nígbà ogún, ọ̀nà ọlọ́nà ṣì ni."

Mo lọ. Ọ̀nà tóóró kan wà láàárín ilé náà àti ògiri ọgbà, láti ojú títì títí dé ẹ̀yìnkùlé. Koríko bo gbogbo àyíká ilé, àfi ibẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, ó sì ń dán. Mo bi ẹni tó ń ta ilé. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín.

"Ta ní ń gba ibí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ní fẹ́ gbà á? Níbo ló já sí?"

Ó mú mi dé ẹ̀yìn. Ògiri ni. Lẹ́yìn ògiri, àbàtà lọ salalu. Kò sí ilé, kò sí oko. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tá a ń padà, Ẹlẹ́rìn-ín ò gba ọ̀nà yẹn. Inú ilé ló gbà jáde. Mo rò pé oòrùn ló ń sá fún.

Bí mo ṣe rà á tán, mo pe bíríkìlà. Ó wó ògiri pálọ̀, ó fi ọ̀nà yẹn kún un, ó sì mọ ògiri dí i níwájú àti lẹ́yìn. Pálọ̀ wá fẹ̀, ó gbayì. Ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ni mo gbé àga ìyá mi sí, lẹ́bàá fèrèsé, kó lè máa wo ìta. Inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi náà dùn.

Etí ni mo fi kọ́kọ́ mọ̀. Mò ń rán aṣọ lọ́sàn-án kan, òwú já, mo dá máṣíìnì dúró. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo wá gbọ́ sálúbàtà. Ṣàà. Ṣàà. Láti ara ògiri iwájú, ó kọjá níwájú àga ìyá mi, ó lọ bá ògiri ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Ìyá mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ rọra o. Ọ̀nà yín ni."

"Màámi, ta lẹ ń kí?"

"Àwọn tó ń kọjá."

"Níbo?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé. "Èèyàn kí mi, kí n dákẹ́? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

Mo ní ọjọ́ ogbó ló dé. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ rán ṣòkòtò." Kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ń pọ̀ sí i. Ẹsẹ̀ fúyẹ́ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wúwo náà wà níbẹ̀. Òórùn ẹrẹ̀ tútù á gba gbogbo pálọ̀, bẹ́ẹ̀ aṣọ fèrèsé ò mì. Àjákù aṣọ tí mo gé sílẹ̀ á yà sọ́tùn-ún yà sósì, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ gbá a. Ohun tó wá bà mí lẹ́rù jù ni pé lílọ nìkan ni wọ́n ń lọ. Mi ò gbọ́ ìpadàbọ̀ ẹnì kankan rí.

Mo gba ọ́fíìsì lọ́yà lọ. Ó gbọ́ mi títí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dí ọ̀nà ọlọ́nà, Mọ́mì?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbà á, Lọ́yà!"

"Ọ̀nà tí wọ́n bá pa tì pátápátá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè kú. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó wà nínú ilé bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé ọ̀nà wọn ni…" Ó rọra bi mí pé, "Ta ló ń dá wọn lóhùn?"

Mi ò dágbére. Mo sáré lọ sílé.

Mo bá ìyá mi ní ìdúró. Ó ti wé gèlè. Ó gbé báàgì rẹ̀ dání.

"Màámi, níbo lẹ ń lọ?"

"Wọ́n ní kí n ká lọ. Wọ́n lọ́yàyà, ọmọ mi. Wọ́n ní ibi tí àwọn ń lọ, wọn kì í lé èèyàn jáde níbẹ̀."

"Ẹ ò lọ ibì kankan! Ilé yín nìyí! Torí yín ni mo ṣe rà á!" Mo so mọ́ ọn níbàdí bí ọmọ ọwọ́.

Ṣàà. Ṣàà. Wọ́n ń bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò kọjá. Wọ́n dúró síwájú wa. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń kán tó, tó, sórí sìmẹ́ńtì. Ìyá mi la ẹnu láti dáhùn. Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ẹnu ìyá tó bí mi lọ́mọ ni mo fọwọ́ dí. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ.

Kíá ni bíríkìlà dá ògiri padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì ṣí ọ̀nà náà sílẹ̀ fún wọn. Ìta ni wọ́n ń gbà báyìí. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń jókòó sórí àga rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Àmọ́ ẹsẹ̀ kan ti kún tiwọn. Ó ń wọ́ díẹ̀, ti apá òsì. Mo mọ ìrìn yẹn, ẹ̀yìn ẹni tó ń rìn ín ni mo ti dàgbà. Tó bá dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á dúró.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o."

Ohùn ìyá mi ni. Mo wo ìyá mi lórí àga. Ètè rẹ̀ pa dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mì. Ojú mi ló tẹjú mọ́, ó ń retí kí n dáhùn bó ṣe kọ́ mi.

Mi ò tíì dáhùn.