Ẹ̀rọ Pupa Tí Ọyakẹ́mi Yàn

“Ọyakẹ́mi, èwo ni ká mú nínú méjèèjì?”

Ògúnbọ̀wálé gbé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọ̀n wọ́n bí ẹni tó ń ṣa iṣu lọ́jà. Inú ṣọ́ọ̀bù Àmínù ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wà, ní Igolo, ìlú ẹnubodè, níbi tí ariwo àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémì àti àwọn tó ń pààrọ̀ owó kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan. Tọkí-wọkí ni wọ́n wá rà, irú ẹ̀rọ tí àwọn ṣọ́jà ẹnubodè máa ń gbé sẹ́nu bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú èyí tó wà lọ́wọ́ bàbá náà kéré, ó pupa fòò, iná ń tàn lójú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ohùn inú rẹ̀ lè ti Igolo dé Àjàṣẹ́. Èkejì dúdú, ó ki, ọ̀pá áńtẹ̀nì orí rẹ̀ gùn, eruku sì ti bo páálí rẹ̀.

Ọdẹ ni Ògúnbọ̀wálé ní abúlé Ko-Koumolou. Òun, Ifátóòkí àti Ràmọ́nù ló jọ máa ń ṣọdẹ ọ̀yà tó ń ba àgbàdo àti gbágùúdá àwọn ará abúlé jẹ́. Ẹnì kan á kó ajá wọ igbó láti òdìkejì, á máa lé ẹran bọ̀. Àwọn yòókù á lúgọ síwájú pẹ̀lú ìbọn. Súfèé ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí, atẹ́gùn gbé súfèé Ràmọ́nù gba ibòmíràn lọ, ọta ìbọn sì fò kọjá lẹ́bàá etí rẹ̀. Fóònù kì í rí rẹ́sò, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nínú àfonífojì tí wọ́n ti ń ṣọdẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pinnu láti ra tọkí-wọkí. Bàbá tilẹ̀ ti lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, torí ará ẹnubodè kì í gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ káàkiri láìtọrọ àyè.

Ọyakẹ́mi ni wọ́n fi yíyàn lé lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó gbọ́ Faransé, ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wà lára ohun tó fẹ́ràn jù ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ti kà nípa tọkí-wọkí títí. Ó mọ̀ pé ibi gbalasa tí nǹkan kan kò dí lójú ni àwọn tó ń kọ nǹkan sára páálí ń sọ, pé òkè àti igi máa ń gbé ohùn mì, pé áńtẹ̀nì kúkúrú kì í sábà ṣe dáadáa nínú igbó dídí. Ó sì ti sọ fún bàbá rẹ̀ nílé pé, “Bàbá, ibi tí ẹ ti máa lò ó gan-an la máa gbé e lọ dán wò, kó tó di tiwa.”

Ohun tí kò mọ̀ ni pé Rachad ni òun yóò bá nínú ṣọ́ọ̀bù.

Kíláàsì kan náà ni òun àti Rachad wà, àbúrò Àmínù sì ni Rachad. Nígbà tí Ọyakẹ́mi kọ́kọ́ dé kọlẹ́ẹ̀jì, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ń dimú bó bá ń kọjá, wọ́n á ní aṣọ rẹ̀ ń rùn èéfín ẹran ìgbẹ́. Òun nìkan ló ń jókòó lórí àga tirẹ̀, òun nìkan ló ń jẹun. Rachad ló dédé gbé ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó lọ jókòó tì í. Láti ìgbà náà ni àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀ sí pè é sí àárín wọn. Ẹni tí kò bá tíì dá jókòó rí kò lè mọ bí ìyẹn ṣe tó.

“Pupa yẹn ni kí ẹ mú, Bàbá,” ni Rachad wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Òun ló lòde báyìí. Dúdú yẹn ti gbó mọ́ wa lọ́wọ́.”

Ọyakẹ́mi la ẹnu. “Ṣé a lè kọ́kọ́ gbé méjèèjì lọ dán wò nínú...”

“Ah, Ọyakẹ́mi!” Rachad gbá àyà rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù. “Ṣé o rò pé ẹ̀gbọ́n mi máa ta jákujàku fún bàbá rẹ ni?”

Àwọn oníbàárà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Eré ni Rachad ń ṣe, ṣùgbọ́n Ọyakẹ́mi rí àga rẹ̀ ní kíláàsì lójú ẹ̀mí rẹ̀, ó rí i tó tún ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ padà sínú ọ̀fun.

“Pupa yẹn náà dára, Bàbá,” ló wí.

“Bí ọmọ mi bá ti ní ó dára, ó dára náà nìyẹn,” ni Ògúnbọ̀wálé dáhùn, ó gbé ẹ̀rọ dúdú padà sórí pẹpẹ, ó sì sanwó pupa mẹ́rin.

Nígbà tí wọ́n délé, àwọn ọdẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín ẹ̀rọ láàárín ara wọn, wọ́n sì fi ọ̀kan sílẹ̀ fún Ọyakẹ́mi. Ifátóòkí lọ dúró lẹ́yìn ilé ìdáná, Ràmọ́nù lọ sí ẹ̀bá kànga. “Allô! Allô! Ta ló jí adìẹ mi gbé?” Ohùn Ifátóòkí jáde ketekete, gbogbo agbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Ògúnbọ̀wálé nìkan ló rántí.

“O ní a máa dán an wò ní àfonífojì ńkọ́?”

Ọyakẹ́mi wo ẹ̀rọ pupa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àyè ṣì wà láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ẹ̀rọ náà padà, ojú wo ni òun yóò fi wo Rachad lọ́jọ́ Ajé?

“Kò pọn dandan mọ́, Bàbá. Ẹ ṣáà gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.”

Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n lọ sí àfonífojì. Ifátóòkí kó ajá gba òdìkejì odò lọ láti máa lé ẹran bọ̀. Ràmọ́nù lúgọ sí apá ọ̀tún, Ògúnbọ̀wálé sí ẹ̀gbẹ́ oko gbágùúdá kan, nínú koríko tó ga ju èèyàn lọ. Ọyakẹ́mi dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, lábẹ́ igi ọ̀pẹ, ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ sétí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gbọ́ Ifátóòkí, ẹni tó máa ń pè ní Tọ́ńtọ̀n bí àwọn Faransé ṣe ń pe àbúrò bàbá. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì ni ohùn rẹ̀ ń fọ́. Nígbà tó yá, ariwo ṣìì-ṣìì nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ jáde ní àjákù: “...ajá ti... mo ti kọjá odò... mo wà ní... ẹ má...”

“Tọ́ńtọ̀n, mi ò gbọ́ yín! Ibo lẹ wà?” Ṣìì-ṣìì. “Bàbá! Tọ́ńtọ̀n Ifátóòkí ti sọdá odò sọ́dọ̀ yín! Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Ṣìì-ṣìì.

Ó bojú wo ìsàlẹ̀. Koríko ń mì lódìkejì oko gbágùúdá, níwájú bàbá rẹ̀, ní ibi tí èèyàn kankan kò yẹ kó wà. Ó ju ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó ń sá sọ̀ kalẹ̀, ó ń kígbe, “Bàbá, ẹ má yìn ín o! Ẹ má yìn ín!” Ọ̀nà jìn, ajá sì ń gbó. Ìbọn dún.

Ìró tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ti ẹran. Igbe èèyàn ni.

Itan àti ojúgun ni ọta ìbọn Ògúnbọ̀wálé ti ba Ifátóòkí. Ògúnbọ̀wálé ya ẹ̀wù ara rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ náà, òun àti Ràmọ́nù sì gbé e dé ojú títì, wọ́n fi zémì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó yọ ọta náà ní díẹ̀ ló kù kí ọ̀kan já iṣan ńlá, pé ká ní ó já a ni, wọn ì bá má gbé e débẹ̀ láàyè.

Láti ọjọ́ náà, Ògúnbọ̀wálé kò jẹun yó mọ́. Ó ju ìbọn rẹ̀ sí àjà. Àwọn kan lábúlé bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, pé ó yẹ kó ti fi ọdẹ sílẹ̀. Òun náà sì gbà á gbọ́. “Èmi tí mo ti ń ṣọdẹ láti kékeré,” ni yóò máa wí bó bá jókòó, “mi ò mọ ẹran yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ mi mọ́.”

Ọyakẹ́mi ń gbọ́. Gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ ọ, bí ẹni ń fi ẹ̀gún gún un lọ́kàn ni. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ tirẹ̀ kò bá òun nìkan dúró: ó ti gbé Ifátóòkí sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ti fẹ́ gbé bàbá rẹ̀ sọnù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó tó lọ sílé ìwé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò fi Rachad ṣe àwáwí. “Mo mọ̀ pé ó lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Bàbá. Ojú ló tì mí. Mo tún purọ́ fún yín pé kò pọn dandan ká dán an wò.”

Ògúnbọ̀wálé na ọwọ́ sí i. “Dìde,” ló wí. “Kì í ṣe èmi nìkan ló yẹ kó gbọ́ ọ.”

Wọ́n bá Ifátóòkí nílé rẹ̀, lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Ó gbọ́ ìjẹ́wọ́ Ọyakẹ́mi dé òpin.

“Ṣé o mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí ẹ rà á?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Tọ́ńtọ̀n.”

“Inú ń bí mi, Ọyakẹ́mi. Mi ò ní tàn ọ́. Bí ẹsẹ̀ yìí bá ń ro mí lóru, mi ò ní lè ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.” Ó wo Ògúnbọ̀wálé, tó dorí kodò sẹ́nu ilẹ̀kùn. “Ṣùgbọ́n o ti gbé ẹrù kan kúrò lórí bàbá rẹ tí èmi kò lè bá a gbé. Ó kù ibì kan. Lọ sí ibi tí ojú ti tì ọ́ lọ́jọ́ náà. Irú ẹ̀rọ pupa yẹn ṣì wà níbẹ̀, ọdẹ mìíràn lè rà á lọ́la.”

Ọyakẹ́mi àti bàbá rẹ̀ padà lọ sí Igolo. Ó sọ ọ́ níwájú Àmínù, níwájú Rachad, níwájú àwọn oníbàárà. Ojú Àmínù kọ́kọ́ le. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ pé èèyàn fara gbọta, ó jókòó.

“Èmi kò dé inú igbó rí,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ohun tó wà lára páálí ni mo ń kà fún àwọn èèyàn.”

Rachad ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Ó tẹ̀ lé Ọyakẹ́mi jáde síta. “Kí ló dé tí o kò fi sọ fún mi? Ǹ bá fúnra mi gbé e tẹ̀ lé yín lọ dán wò.”

“Mo rò pé wàá bínú. Mo rò pé wàá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”

“Nítorí tọkí-wọkí?” Rachad wò ó, omi lé sí i lójú. “Ṣé irú èèyàn tí mo jẹ́ lójú ẹ nìyẹn?”

Gbogbo ohun tí Ọyakẹ́mi ń bẹ̀rù, tó tìtorí rẹ̀ gbé òótọ́ mì, kò sí níbì kankan bí kò ṣe nínú ọkàn òun fúnra rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Àmínù àti Rachad kó ẹ̀rọ dúdú wá sí Ko-Koumolou. Kò sí ọdẹ tó gbé ìbọn dání. Ràmọ́nù sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì, Ọyakẹ́mi sì ń bá a sọ̀rọ̀ láti orí òkè. Ohùn rẹ̀ ń wọlé dáadáa títí tó fi kọjá odò, àmọ́ nígbà tó yí lọ sẹ́yìn òkè kejì, ó dákẹ́. Gbogbo ojú yí sí Ọyakẹ́mi.

“Ó sàn ju pupa lọ,” ló wí kedere, “ṣùgbọ́n kò dé ẹ̀yìn òkè yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá máa lọ síbẹ̀, kí ẹnì kan dúró lókè níbí kó máa gba ọ̀rọ̀ tún sọ. Bí ẹ kò bá sì gbọ́ ohùn ara yín, ẹ má yìnbọn.”

“Ó di òfin nìyẹn,” ni Ògúnbọ̀wálé wí.

Àmínù gba àwọn pupa padà, ó sì fi dúdú rọ́pò wọn. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Ifátóòkí ti ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń tiro díẹ̀, yóò sì máa tiro bẹ́ẹ̀ títí ayé. Ó dárí ji Ọyakẹ́mi, síbẹ̀ ìdáríjì kò na ẹsẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, ojú á máa tini bí a bá fẹ́ sọ òótọ́ lójú ọ̀rẹ́. Ìtìjú náà kì í pẹ́ kó tó tán. Òótọ́ tí a bá mọ̀ tí a sì gbé mì nítorí kí wọ́n lè fẹ́ràn wa, ẹlòmíràn ló sábà máa ń fara gbá a. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ kì í sá fún òótọ́, ẹni tó bá sì sá fún un, ẹ jẹ́ kó máa lọ.