Ohùn Tó Sọnù ní Eléko

Fàtíù tẹ bọ́tìnnì kẹrin. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí orin kẹta ṣe ń parí lọ, ó sì wá tàn gbọin-in. Gbogbo agbo pa rọ́rọ́, wọ́n ń retí ohùn olóògbé. Ohùn kankan ò jáde.

Ọ̀sán Sátidé ni, létí òkun Eléko, níbi tí Alàájì Gbàdàmọ́sí ti ń ṣí hòtẹ́ẹ̀lì tuntun. Bàbá rẹ̀ àgbà ló ni ilẹ̀ náà, láyé ìgbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àwọ̀n ẹja tí wọ́n sá sóòrùn lọ. Sàúdátù, olórin ará Ajah, ni wọ́n pè wá kọrin. Ó dúró láàárín agbo, ó gbé máìkì sẹ́nu, ó ń dúró de ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ n là á yé yín. Ìyá rẹ̀, Alàájà Sìmbíátù, ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n nígbà ayé rẹ̀, ó kọ orin wákà kan sínú kásẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé ẹni tó ń bọ̀ lọ́jà á sọ ẹrù kalẹ̀. Fàtíù, tó ń bójú tó ẹ̀rọ fún ẹgbẹ́ Sàúdátù, ló kó ohùn náà sínú lápútọ́ọ̀pù. Tí orin kẹta bá ti fẹ́ parí, á tẹ bọ́tìnnì kan lórí pátákó pẹlẹbẹ kan tó so mọ́ lápútọ́ọ̀pù náà. Ìyá á gbé orin, ọmọ á máa gbè é. Àwọn èèyàn a máa ti Lakowe àti Oniru wá torí orin kẹrin yẹn nìkan.

Lọ́jọ́ yìí, Sàúdátù bojú wẹ̀yìn, ó rí Fàtíù tó ń tẹ bọ́tìnnì ní àtẹ̀túntẹ̀. Kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, Dúró tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ti wọlé. Ó fi ìka gbé orin náà, ó tutù, ó rọ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ọkùnrin kan níwájú ní, "Ọlọ́run ló fi bọ̀ọ̀dá yìí síbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n tú agbo ká, wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò. Wọ́n ti pa ohùn Sìmbíátù rẹ́ nínú lápútọ́ọ̀pù. Fíláàṣì tí wọ́n fi tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kejì, tí Fàtíù máa ń fi sápò báàgì rẹ̀, ti di àwátì. Sàúdátù gbá Fàtíù létí kí ẹnikẹ́ni tó lè dì í mú.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Bàlíkísù Ògúnkúnlé wà lẹ́nu géètì, torí Alàájì ní kí àwọn ọlọ́pàá wá ṣọ́ àríyá òun. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo. Ó ní kí wọ́n ti géètì, kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ orin má lọ síbì kankan. Ó wá mú Sàúdátù wọ yàrá kan lẹ́yìn agbo.

"Ibo tún ni ohùn yẹn wà?" ló bi í.

"Kò síbòmíì mọ́, Màdámù. Nígbà tí àgbàrá wọ ilé wa ní Ajah, omi ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ohun tó kù ni ti inú lápútọ́ọ̀pù àti ti inú fíláàṣì."

"Orin tó ń mú oúnjẹ wá ni, àbí?"

"Ẹ gbàgbé oúnjẹ." Sàúdátù fi gèlè nu ojú. "Omi yẹn kan náà ló gbé gbogbo fọ́tò rẹ̀ lọ. Ohùn yẹn nìkan ni mo ní. Tí mi ò bá rí i, ìyá mi kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

"Ta lo fura sí?"

"Fàtíù. Ṣé èmi ni mo mọ ìdí ẹ̀rọ ni?"

Fàtíù jókòó sórí àpótí kan níta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kó ṣàlàyé bí bọ́tìnnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

"Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, orin kì í yí lójú ẹsẹ̀, Màdámù. Iná á máa ṣẹ́jú, ẹ̀rọ á dúró kí ìlù tó wà nílẹ̀ yípo tán, ká má baà já orin lójú ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni tuntun á tó wọlé."

"Kí ni àwọn yòókù máa ń ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn?"

"Wọ́n á gbọ́wọ́ kúrò nídìí iṣẹ́. Àǹtí Sàúdátù ló fòfin yẹn lélẹ̀. Tí iná kẹrin bá ti ń ṣẹ́jú báyìí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan, nítorí òkú tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mùínàt tó ń gbe orin á káwọ́ sẹ́yìn. Dúró á sọ̀ kalẹ̀ lọ mu omi."

"Ìgbà wo lo gbọ́ ohùn náà kẹ́yìn?"

"Kí a tó lọ kírun ọ̀sán. Mo dán an wò, ó dún. Mùínàt ló ṣọ́ ẹrù nígbà tí a lọ kírun. Nígbà tí a dé, òun náà lọ kí tiẹ̀, èmi àti Àǹtí lọ jẹun, ó wá ku Dúró."

"O pa lápútọ́ọ̀pù dé?"

Fàtíù sorí kọ́. "Mo fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ta ni màá máa tì í mọ́? Màdámù, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni kòkòrò yẹn."

Alàájì Gbàdàmọ́sí fúnra rẹ̀ wá bá ìnsípẹ́kítọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Mo gbọ́ pé ẹ bẹ Sàúdátù fún ohùn yẹn lóṣù tó kọjá," ni ìnsípẹ́kítọ̀ wí.

"Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ fi polówó ilẹ̀ wa ní Lakowe. Ó ní ìyá òun kì í ta ilẹ̀." Alàájì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó bí mi nínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé yìí, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ṣé èmi náà ni màá wá ba àríyá ara mi jẹ́ níṣojú gbogbo ìlú?"

"Ẹ máa lọ, Alàájì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ yẹn fún mi, ariwo ẹ̀ ò jẹ́ n gbọ́rọ̀."

Wọ́n pa á. Atẹ́gùn òkun nìkan ló kù tó ń dún nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Dúró. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó ti ki kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bọ báàgì, ó sì fi í sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ìwọ lo kó wọn yọ lónìí," ni ìnsípẹ́kítọ̀ wí.

"Iṣẹ́ mi ni, Màdámù."

"Báwo ni ìwọ àti Alàájà ṣe jẹ́?"

"Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni ìyá tó bí mi kú. Alàájà tó jẹ́ aládùúgbò wa ló gbé mi. Òun ló sọ mí ní Dúró. Èmi àti Àǹtí Sàúdátù, ẹní kan náà la sùn."

"Bá mi tẹ díẹ̀ nínú orin yẹn kí n gbọ́ bó ṣe ń lọ."

"Kò síná, Màdámù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa jẹnẹrétọ̀."

"Òótọ́ ni," ni ìnsípẹ́kítọ̀ wí, ó sì kọjá lọ.

Mùínàt ló kẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ mú. Kí ìnsípẹ́kítọ̀ tó jókòó tán, ó ti ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n á ti sọ fún yín pé mo fẹ́ dá ẹgbẹ́ tèmi sílẹ̀. Mo fẹ́ dá a sílẹ̀ lóòótọ́. Ohùn tó wà lọ́fun mi ni màá fi dá a sílẹ̀, kì í ṣe ti òkú olókùú."

Ìnsípẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Inú ẹ ò bà jẹ́ rárá?"

"Ó bà jẹ́. Gbogbo wa ni inú wa bà jẹ́. Ẹ wo Dúró, láti Ajah ló ti máa ń tẹ kíbọ́ọ̀dù yẹn nínú mọ́tò, á máa fi orin bú wa títí a ó fi dé òde. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, kò tẹ ẹyọ kan."

"Nínú mọ́tò? Iná wo ló ń lò níbẹ̀?"

"Bátìrì ńkọ́? Mẹ́fà ló wà nídìí ẹ̀. Kì í jẹ́ kó kú láé."

Ìnsípẹ́kítọ̀ béèrè bóyá ẹnì kan fi fóònù ya agbo náà. Ràhmát, àbúrò Mùínàt, ti yà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi fóònù náà sápò, ó sì ní kí gbogbo wọn padà sórí agbo.

Oòrùn ti ń lọ sórí omi. "Kí kálukú dúró síbi tó wà nígbà tí iná kẹrin ń ṣẹ́jú," ló wí.

Fàtíù lọ sídìí ẹ̀rọ. Sàúdátù dúró láàárín. Mùínàt káwọ́ sẹ́yìn.

"Dúró, ìwọ ńkọ́?"

Dúró sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà omi. "Ibí yìí ni mo wà. Nígbà tí mi ò gbọ́ nǹkan kan ni mo sáré gòkè."

Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé fóònù náà fún Sàúdátù. "Wò ó, kó o sọ fún mi."

Sàúdátù wò ó. Nínú fóònù, orin kẹta ṣì ń lọ, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹ́jú. Dúró wà lórí àga. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè kíbọ́ọ̀dù, ó ti ya ìka sílẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn Sàúdátù.

"Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀," ni Sàúdátù wí, bí ẹni tí kò gbà á gbọ́.

"Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń lọ mu omi ní bọ́tìnnì kẹrin," ni ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Lónìí, òùngbẹ ò gbẹ ẹ́. Òun àti Mùínàt, kálukú ló dá wà pẹ̀lú ẹ̀rọ yẹn. Fàtíù tó ni ín ní àyè ju àwọn méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo Fàtíù nínú fóònù, ó ń retí ohùn. Ẹ wo Mùínàt, ó ń retí ohùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ló ń bọ̀, kó tó dé." Ó yíjú sí Dúró. "Mo ní kó o tẹ orin fún mi, o ní kò síná. Kíbọ́ọ̀dù tí kì í kú láé. Mo wá ń rò ó pé kí ló gba ipò bátìrì. Ṣí i."

Dúró kò mira. Mùínàt ló tú báàgì náà, tó dojú kíbọ́ọ̀dù délẹ̀, tó ṣí ìdí rẹ̀. Bátìrì márùn-ún ló wà níbẹ̀. Nípò ẹ̀kẹfà, aṣọ ìnujú kan ni wọ́n ká bọ ibẹ̀. Fíláàṣì wà nínú rẹ̀.

Sàúdátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Fàtíù ni mo gbá létí," ló wí. "Dúró, Fàtíù ni mo gbá létí. Ìwọ sì ń wò mí." Ó mirí. "Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu."

"Ẹ jẹ́ kí Fàtíù fi í sẹ́rọ," ni Dúró wí. "Odindi ẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ gé."

Fàtíù wo Sàúdátù. Sàúdátù wo ilẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ mi orí sí i, Fàtíù sì fi fíláàṣì náà sí lápútọ́ọ̀pù.

Ohun tó kọ́kọ́ dún kì í ṣe orin. Adìẹ kan ké níbì kan, ẹnì kan wúkọ́. Ohùn Alàájà Sìmbíátù wá jáde, ó sún mọ́ni bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni: "Dúró, ọmọ mi, lù ú. Ìwọ ni kó o bẹ̀rẹ̀, kí n tó gbóhùn sí i." Ọwọ́ ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í lu agolo mílíìkì, kò dọ́gba, ó ń yára, ó ń falẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

"Èmi ni mò ń lu agolo yẹn," ni Dúró wí. "Ọmọ ọdún méje ni mí. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ìlù ẹ̀rọ rọ́pò. Ẹ wá ní kí n máa sọ̀ kalẹ̀ lọ mu omi tí màmá bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èmi náà nínú orin yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè jù ú sómi. Mo dé etí omi, mi ò lè jù ú."

"O ò ṣe bá mi sọ ọ́?"

"Mo bá yín sọ ọ́, Àǹtí. Ọdún tí màmá kú. Ẹ ní agolo ò bọ́ sórí ìlù."

Sàúdátù gbọ́ orin náà títí ó fi parí. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlù," ló wí nígbà tó yá. "Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ ọ́. Èmi ni mo di kásẹ́ẹ̀tì mú. Orúkọ rẹ ló pè. Kò pe tèmi."

Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ fún Fàtíù pé kó da ohùn náà kọ sínú ẹ̀rọ rẹ̀, torí fíláàṣì á bá àwọn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ó di Dúró lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ rìn lórí iyanrìn lọ sídìí ọkọ̀ ọlọ́pàá. Dúró kò bojú wẹ̀yìn, Sàúdátù kò sì pè é.

Fàtíù ń ká wáyà. "Àǹtí, ṣé kí n dá gígé ẹ̀ padà sídìí bọ́tìnnì kẹrin?"

"Odindi ni kó o fi síbẹ̀."

"Kò ní bọ́ sórí ìlù o."

"Jẹ́ kó má bọ́." Ó dìde, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú náà. "Fàtíù, má bínú sí mi."

"Ó ṣì ń dùn mí, Àǹtí," ni Fàtíù wí. Kò sọ pé òun ò bínú.

Mùínàt fi bátìrì kẹfà, tó rí nínú àpò báàgì, dí àyè tó ṣófo náà. Wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù wọ mọ́tò. Láti Eléko títí wọ́n fi dé Ajah, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́.